Àgbo Ìbejì Adúnbárìn

Ní ìlú Òkè-Àwín láyé ọjọ́un, aláró kan wà tí ń jẹ́ Adúnbárìn. Ìbejì ló bí. Kẹ́yìn sígbọnlẹ̀, Táyé rí tín-ínrín, bíi kí atẹ́gùn gbé e lọ. Nígbà tí wọ́n pé ọmọ ọdún márùn-ún, ikọ́ fée kọlu àwọn méjèèjì. Bí ọyẹ́ bá ti dé, àyà wọn a máa han, mímí a sì di ogun.

Màmá Ewégbèmí, arúgbó tí ń tọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́, se àgbo fún wọn. Ó ní, “Ife kan fún Kẹ́yìn, ìdajì ife fún Táyé.”

Adúnbárìn gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á. Ta ní í fún ìbejì kan ní púpọ̀ kó fún èkejì ní díẹ̀? Ife kọ̀ọ̀kan ló fún wọn. Kẹ́yìn mí dáadáa, ṣùgbọ́n ọwọ́ Táyé ń gbọ̀n, àyà rẹ̀ sì ń lù kìkì. Lọ́jọ́ kejì, ìyá wọn dín in kù sí ìdajì fún àwọn méjèèjì. Ara Táyé balẹ̀. Kẹ́yìn ni kò rí èémí mí mọ́.

Adúnbárìn pọ̀n ọ́n, ó gbé àgbo dání, ó sáré bá Màmá lóko.

“Màmá, ẹ gbà mí! Ọjọ́ kan náà ni mo bí wọn, àgbo kan náà ni wọ́n mu. Èwo nínú wọn ló ń bá mi jà?”

Màmá kọ́kọ́ fún Kẹ́yìn ní ife kan. Nígbà tí mímí rẹ̀ rọlẹ̀, ó mú Adúnbárìn lọ síbi tí ọkọ́ rẹ̀ ti tú ìtẹ́ méjì síta: ti ẹ̀mọ́, eku ńlá, fẹ̀ bí igbá, ti ẹ̀lírí, eku kékeré, kò kún àtẹ́lẹwọ́.

“Ṣé ẹ̀lírí ń bínú pé tiẹ̀ kéré?”

“Rárá, Màmá. Ibi tí ara rẹ̀ gbà ni.”

“Ara ọmọ ni mo wo kí n tó wọn àgbo, n kò wo ọjọ́ ìbí.”

Ó yé Adúnbárìn, kò yé e. “Kí ni mo fẹ́ wí fún Táyé tó bá rí i pé tirẹ̀ kéré?”

Arúgbó rẹ́rìn-ín. “Má wí nǹkan kan. Fi omi kún ìdajì tirẹ̀, kí ife àwọn méjèèjì lè dọ́gba.”

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe. Ẹnì kankan kò gbọ̀n mọ́, èémí ẹnì kankan kò sì há. Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà ti ń pa á lówe pé ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.