Àjàrà Tí Kò Jẹ́ Kí Odẹ́ríkì Lọ

Ẹ̀yin ọmọ Latẹnù, ọmọ olókè òkúta funfun, ọmọ amuwáìnì-má-ṣubú, ẹ fara balẹ̀ kí ẹ gbọ́ bí a ṣe di onílé.

Odẹ́ríkì ni baba ńlá yín, ọmọ ọba tí ìdí rẹ̀ kì í gba ìjókòó. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gorí ìtẹ́ nílẹ̀ Faransé, ó lé e kúrò láàfin. Melisẹ́ńdì aya rẹ̀ bá a lọ, ó sì mú gbòǹgbò àjàrà baba ọkọ rẹ̀ dání, ó fi aṣọ tútù wé e. Wọ́n kan ìyá arúgbó kan tí ń ṣọ́ ìsun omi, ẹni tí àwọn èrò máa ń bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá náà ní: "Ọmọ mi, ibi tí o bá ti mu wáìnì igi yìí ni ilé rẹ. Ṣùgbọ́n mo wo ẹsẹ̀ rẹ, àyà mi já."

Ẹ̀rù rẹ̀ tọ́. Àjàrà kì í so kí ó tó di ọdún kẹta, Odẹ́ríkì kì í sì í lo ọdún méjì níbì kan. Ó gbìn ín sétí odò, ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹṣin, ó hú u. Ó gbìn ín lẹ́bàá igbó, ojú ọ̀run kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó tún hú u. Ilé làbọ̀ sinmi oko, oko ni tirẹ̀ ṣáá. Ojú ọ̀nà ni Melisẹ́ńdì bímọ sí, ọmọ náà kú, ojú ọ̀nà náà ló sin ín sí.

Ìkánjú ló fi gbin àjàrà sára òkè wa yìí, nítorí kò fẹ́ pẹ́. Ọdún yípo, ó tún mú ọkọ́. Melisẹ́ńdì, tí oyún mìíràn ti hàn lára rẹ̀, kò dìde.

Ó ní: "Ọkọ mi, bí o bá hú u, máa gbé e lọ. Èmi ń bẹ níbí."

Inú bí Odẹ́ríkì. Ó gbẹ́ ilẹ̀, ó fa igi náà títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó. Gbòǹgbò ti wọ inú òkúta lọ wá omi. Bí ó bá gé e, ohun ìní baba rẹ̀ kú nìyẹn. Ó jókòó, ó sunkún. Àwọn kan ń pe èyí ní ọgbọ́n. Èmi ò pè é bẹ́ẹ̀. Apá rẹ̀ ni kò ká a. Ó pe ibẹ̀ ní Latẹnù, èyí tí í ṣe "Ó Dì Mí Mú" lédè wọn.

Nígbà tí àjàrà so, wọ́n fún omi èso rẹ̀ ṣe wáìnì, Odẹ́ríkì tọ́ ọ wò, ó yínmú.

"Ó kan."

Melisẹ́ńdì gbé ọmọ sí èjìká kejì. "Tiwa ni. Mu ún."

Títí di òní, ẹni tí yóò jọba níbí gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ méjèèjì fa àjàrà àgbà náà níṣojú àwọn obìnrin ìlú. Bí kò bá fà á tagbáratagbára, wọn kì í gbé ife wáìnì oyè fún un. Wọ́n ní ẹni tí lílọ kò wù rí kò mọ ohun tí ìdúró ń náni.