Ìdí Tí Ìdí Fi Ń Jókòó Lórí Kẹ̀kẹ́

Nígbà láéláé, kẹ̀kẹ́ ológeere kò ní ìjókòó fún ẹnikẹ́ni. Awọ kékeré kan wà lórí irin rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹrù ni wọ́n ń gbé lé e. Ẹni tó bá fẹ́ gun kẹ̀kẹ́, ìdúró ni yóò dúró wà á láti ilé dé oko.

Láyé ìgbà náà, ẹ̀yà ara máa ń sọ̀rọ̀, wọ́n sì máa ń jà bí ọmọ ìyá. Itan ló ń tẹ pẹ́dà wálẹ̀, ó sì fẹ́ràn ìyangàn. Ìdí ni àgbà wọn. Òun ló lágbára jù, òun ló ń ti gbogbo wọn síwájú, àmọ́ inú tètè máa ń bí i.

Àbúrò gbogbo wọn ni Ẹ̀yìn-ojúgun, ẹran rọ̀bọ̀tọ̀ tó wà nísàlẹ̀ orúnkún. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa ran gìgísẹ̀ lọ́wọ́ bí pẹ́dà bá ń yí. Ojo ni. Mi ò ní purọ́ fún yín, bí ewé bá já lulẹ̀, yóò gbọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ṣẹ̀sín. Itan ń wo iwájú, Ìdí wà nínú ìró, Ẹ̀yìn-ojúgun nìkan ló ń wo ẹ̀yìn. Ẹni tó bá ń wo ẹ̀yìn ló ń rí ohun tó ń bọ̀.

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró, ọmọ alágbẹ̀dẹ, ló ni gbogbo wọn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Àwẹ̀ró ń ti oko bọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀. Ó ti ká ìró rẹ̀ sókè dé orúnkún. Ọ̀nà dá páropáro, ẹyẹ kò ké mọ́.

Ẹ̀yìn-ojúgun wo ẹ̀yìn. Ó rí koríko tó ń mì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí atẹ́gùn. Ó tún un wò. Ojú méjì yọ nínú koríko náà, ó pọ́n bí ẹ̀yinná. Ìkookò ni! Ìkookò tó gbé ewúrẹ́ ìyá Àwẹ̀ró lọ, tó jẹ́ pé ìwo rẹ̀ nìkan ni wọ́n rí he.

"Ẹ sáré!" ni Ẹ̀yìn-ojúgun kígbe. "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sáré, ẹ sáré!"

Itan kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Ó kàn jágbe pé, "Kí nìdí?"

Ohun tó ba ọ̀rọ̀ jẹ́ nìyẹn. Itan ń béèrè ohun tó fa ariwo ni. Ṣùgbọ́n Ìdí tó wà nínú aṣọ gbọ́ orúkọ ara rẹ̀.

"Kí ni Ìdí, àbí?" ni Ìdí wí. "Ìwọ Itan! Èmi tí mo ti ń tì ọ́ lẹ́yìn látàárọ̀, èmi lo wá ń bi pé kí ni mo jẹ́?"

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò bú yín o."

"O bú mi! Etí mi ò di. Ó dáa, Ìdí kì í ṣe nǹkan kan. Ẹni tó bá jẹ́ nǹkan kan, kó máa wa kẹ̀kẹ́ lọ."

Ló bá fìdí kalẹ̀ sórí awọ ẹrù. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò, bí Ìdí fúnra rẹ̀ bá fìdí kalẹ̀, ta ni yóò gbé e dìde?

Ilẹ̀ tẹ́jú níbẹ̀. Itan ń tẹ̀, Ẹ̀yìn-ojúgun ń tì, kẹ̀kẹ́ ń sáré. "Ṣé ẹ rí i?" ni Itan wí. "Àwa méjì tó o." Ẹ̀yìn-ojúgun ń gbọ́ èékánná Ìkookò lórí ilẹ̀, ká-ká-ká, ó sì ń súnmọ́ tòsí.

Wọ́n bá dé ẹsẹ̀ òkè.

Ṣéènì kẹ̀kẹ́ ké. Itan bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná bí ẹni tí iná ń jó. Kẹ̀kẹ́ ń falẹ̀, ó ń falẹ̀ sí i. Àwẹ̀ró gbọ́ mímí ẹranko lẹ́yìn rẹ̀, ó ké pé, "Yéè, ìyá mi o!" Èémí Ìkookò ti ń kan Ẹ̀yìn-ojúgun, ó gbóná, ó ń rùn.

Ẹ̀rù bà á dójú ikú. Ó ń ṣe é bíi kó ká jọ, kó sá pamọ́ sábẹ́ orúnkún. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé bí òun bá ká jọ, Àwẹ̀ró yóò ṣubú, Ìkookò yóò sì jẹ ẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n Ìdí, ẹ jọ̀ọ́!" ló ń sunkún. "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ dìde!"

"Kí Itan kọ́kọ́ bẹ̀ mí."

"Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni mo ṣẹ̀?" ni Itan wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Ìkookò fò. Eyín rẹ̀ ha Ẹ̀yìn-ojúgun lára, ó sì há sí etí ìró Àwẹ̀ró. Ìró náà ya fàà! Afẹ́fẹ́ fẹ́ sí Ìdí lára, ó ríta, ó sì fojú kan ẹnu pupa náà.

Ìdí kò dúró gba ẹ̀bẹ̀ mọ́. Ó fò dìde lórí awọ. Ó tì, Itan tẹ̀, Ikùn àti Ẹ̀yìn tó wà lókè wọn dì í mú ṣinṣin, Ẹ̀yìn-ojúgun sì ń tì pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lára. Wọ́n gun òkè náà já, kẹ̀kẹ́ sì ya sísàlẹ̀ lódìkejì bí omi. Ìkookò kò bá wọn mọ́.

Nígbà tí wọ́n délé, Itan ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ohun tó fa ariwo ni mo béèrè."

"Mo ti gbọ́," ni Ìdí wí. "Àmọ́ awọ yẹn tù mí lára, n ò ní purọ́. Màá máa jókòó sí i. Bí òkè bá dé, màá dìde kí ẹ tó pè mí."

Wọ́n fọ ojú egbò Ẹ̀yìn-ojúgun, ó sì jinná. Ẹ̀rù ni kò kúrò níbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni Ìdí ti ń jókòó lórí kẹ̀kẹ́, tí Itan àti Ẹ̀yìn-ojúgun ń ṣiṣẹ́ ilẹ̀ títẹ́jú, tí Ìdí sì ń dìde bí òkè bá dé. Láti ọjọ́ náà pẹ̀lú ni Ẹ̀yìn-ojúgun, bó bá rẹ̀ ẹ́ jù, ti máa ń rántí eyín Ìkookò. Á ká jọ, á le gbagidi, ẹni tó ni ẹsẹ̀ á sì figbe ta. Pajápajá là ń pè é. Bó bá mú yín, ẹ má lù ú o. Ẹ rọra fọwọ́ pa á lára, kí ẹ sọ fún un pé Ìkookò ti padà sígbó.