Ọ̀bọ Tó Sọ Ara Rẹ̀ Di Ìdòwú

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó rìn gbẹ̀rẹ̀, ó kọjá odò, ó kọjá ẹgàn, kò dúró níbì kankan títí ó fi balẹ̀ sí abà kan tí wọ́n ń pè ní Ìdí-Ọ̀pọ̀tọ́. Ibẹ̀ ni Àwẹ̀ró ń gbé nílé ọkọ rẹ̀, òun ló sì ń tọ́jú màlúù ìdílé náà. Baba Ọ̀ṣúnlékè, baba ọkọ rẹ̀, ló ni àṣẹ abà. Ẹ sún mọ́ mi. Ẹni tó bá ń tòògbé kó lọ fi omi bọ́jú, n kì í pa irú àlọ́ yìí lẹ́ẹ̀mejì.

Láyé ìgbà náà, ènìyàn ń bá ẹranko sọ̀rọ̀, ẹranko ń dá ènìyàn lóhùn, kò sì sí ẹni tó ń bú ẹnì kejì pé ẹranko ni.

Abo màlúù kan wà ní abà yìí, Adúmáadán lorúkọ rẹ̀. Ó dú, ó ń dán. Adúmáadán lóyún, ikùn rẹ̀ sì tóbi títí ó fi di ohun àpéwò. Nígbà tí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ pé, ó bí ọ̀kan. Àwẹ̀ró ní kí ó rọra dìde. Kò dìde. Ó tún bí òmíràn. Màlúù bí ìbejì! Àwọn tó wà lóko sá wálé, wọ́n dúró lẹ́nu ọgbà màlúù. Kí wọ́n tó mọ ohun tí wọn yóò ṣe, Adúmáadán gbé orí lé ilẹ̀, ó wo àwọn ọmọ rẹ̀, ó wo Àwẹ̀ró, ó sì dákẹ́. Kò rí àyè fi ahọ́n kan wọ́n lára. Koríko gbígbẹ ni Àwẹ̀ró fi nù wọ́n.

Wọn ò jẹ ẹran Adúmáadán. Ta ni yóò jẹ ìyá ìbejì? Abẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́ ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ni wọ́n sin ín sí. Àwọn ọmọ rẹ̀ di Táyé àti Kẹ́hìndé, Àwẹ̀ró sì sọ lójú gbogbo ilé pé wọn ò ní kú mọ́ òun lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ọmọ, ayé ìgbà yẹn ò ní fídà. Kèrègbè ọlọ́rùn gígùn kan ni Àwẹ̀ró mú. Ó fi awọ ewúrẹ́ rírọ̀ ṣe orí ọmú sí ẹnu rẹ̀, ó lu ihò kékeré sí i. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tọ àwọn abiyamọ kiri. Ewúrẹ́ fún un ní wàrà díẹ̀. Àgùntàn fún un ní díẹ̀. Ẹtu pàápàá, tí kì í gbọ́ ẹsẹ̀ ènìyàn kó má sá, inú igbó ló ti yọ wá. Ó ń gbọ̀n láti orí dé ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ó dúró kí Àwẹ̀ró fún wàrà lára òun. Ojú Àwẹ̀ró kún fún omijé. Ó ní òun ò mọ̀ pé àánú pọ̀ tó báyìí nínú igbó.

Nírọ̀lẹ́, á ti ìka bọ wàrà, á fi ìka náà sí Táyé lẹ́nu. Bí Táyé bá ti ń mu ìka, á rọra fi ẹnu kèrègbè rọ́pò rẹ̀, á sì gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè kí wàrà má baà pá a lórí. Táyé ló ń kọ́kọ́ mu, nítorí Táyé ni wọ́n rán pé kó lọ tọ́ ayé wò. Bí Táyé bá ti mu ún tó ní ó dùn, Kẹ́hìndé tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n á wá gba tirẹ̀. Orin tó fi ń pè wọ́n nìyí. Ẹ bá mi gbè é:

Lílé: Ọmọ Adúmáadán, ẹ wá o
Ègbè: Jẹ́lẹ́ńkẹ́ wàrà, jẹ́lẹ́ńkẹ́
Lílé: Ìyá relé, kò dágbére
Ègbè: Jẹ́lẹ́ńkẹ́ wàrà, jẹ́lẹ́ńkẹ́
Lílé: Abiyamọ igbó ló ń kí yín
Ègbè: Jẹ́lẹ́ńkẹ́ wàrà, jẹ́lẹ́ńkẹ́
Lílé: Táyé tọ́ ọ wò, Kẹ́hìndé gbà
Ègbè: Jẹ́lẹ́ńkẹ́ wàrà, jẹ́lẹ́ńkẹ́

Ọ̀bọ wà lórí igi ọ̀pọ̀tọ́. Ẹ má pè é ní ẹdun o. Ẹdun ni ìbátan ìbejì, ẹni iyì ni. Ọ̀bọ là ń wí. Nígbà náà, irun bo Ọ̀bọ látòkè délẹ̀. Irun bo ojú, irun bo ìdí, ó sì lẹ́wà jọjọ. Ó ti jẹ èso ọ̀pọ̀tọ́ tán, ebi ń pa á, ó ń wo kèrègbè láti òkè, itọ́ ń kán lẹ́nu rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ní kí òun jí kèrègbè náà gbé. Ó tún un rò. Olè a máa jẹun lẹ́ẹ̀kan, ọmọ ni wọ́n ń bọ́ lójoojúmọ́. Ọ̀bọ ní ó kúkú sàn kí òun di ọmọ.

Baba Ọ̀ṣúnlékè sá awọ àgbọ̀nrín kan sórí ọgbà. Ọ̀bọ mú un, ó fi bora, ó ká ìrù rẹ̀ sábẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, tí ojú kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, ó lọ lóṣòó sórí ibojì Adúmáadán. Ó ké bí ọmọ màlúù. Gbogbo ilé jáde. Wọ́n rí nǹkan kékeré pupa lórí ibojì, orin ló ń kọ:

Lílé: Ta ló bí ìbejì tí ò bí mi?
Ègbè: Jẹ́lẹ́ńkẹ́ wàrà, jẹ́lẹ́ńkẹ́
Lílé: Ìdòwú dé, ẹ yà lọ́nà
Ègbè: Jẹ́lẹ́ńkẹ́ wàrà, jẹ́lẹ́ńkẹ́
Lílé: Inú ilẹ̀ jìn, ebi ń pa mí
Ègbè: Jẹ́lẹ́ńkẹ́ wàrà, jẹ́lẹ́ńkẹ́
Lílé: Èmi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fún mu
Ègbè: Jẹ́lẹ́ńkẹ́ wàrà, jẹ́lẹ́ńkẹ́

Baba Ọ̀ṣúnlékè dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tòun ti ewú orí. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. Ara gbogbo wọn bù máṣọ. Òkú abiyamọ ló ti inú ilẹ̀ bímọ yìí! Ẹ̀yin náà lè máa rẹ́rìn-ín. Ká ní ẹ wà níbẹ̀ ni, ẹ̀yin lẹ ó kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀.

Baba Ọ̀ṣúnlékè ní, “Ta ló rí ìbejì tí Ìdòwú ò tẹ̀lé? Àwẹ̀ró, ìwọ lò ń tọ́ wọn, ìwọ ni ìyá wọn báyìí. Fún un ní ohun tó bá bèèrè. Bí o bá lé Ìdòwú padà, orí rẹ ni yóò gùn.”

Àwẹ̀ró gbọ́, ẹ̀rù bà á. Ó mọ̀ pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ nípa Ìdòwú. Èṣù lẹ́yìn ìbejì, kì í gba ìwọ̀sí. Ó gbé kèrègbè lọ sórí ibojì. Ọ̀bọ mu ún, ó mu ún, ó mu ún débi tó wù ú kó tó dá ìyókù padà fún àwọn ìbejì. Àwẹ̀ró rí i pé ọmọ màlúù yìí ń fi nǹkan di kèrègbè mú lábẹ́ awọ, ó dà bí ìka. Ó wò ó. Ó ní ohun tó ti inú ilẹ̀ wá, ta ló mọ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe máa ń rí? Bí ìyanu bá ti gba ojú ẹni, ojú ń bẹ lójú ni, kò ríran mọ́.

Bẹ́ẹ̀ ló ń rí nírọ̀lẹ́ gbogbo. Ìdòwú kì í wá lójú oòrùn, ó ní oòrùn ń ta òun lójú. Ìdòwú kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òun. Ìdòwú ló ń kọ́kọ́ mu. Irun Ọ̀bọ ń dán, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ. Egungun ìhà Táyé náà yọ.

Ó di ọjọ́ kan, Àwẹ̀ró kọrin, Kẹ́hìndé nìkan ló wá. Táyé dùbúlẹ̀ lórí koríko, ó gbìyànjú láti dìde, orúnkún rẹ̀ yẹ̀. Àwẹ̀ró ti ìka bọ wàrà, ó fi sí i lẹ́nu. Táyé ò mu ìka. Ọkàn Àwẹ̀ró dàrú. Bí ó bá fi ti Ìdòwú sílẹ̀, orí rẹ̀ á dàrú. Bí kò bá fi sílẹ̀, Táyé á kú. Ó sáré tọ Ewúrẹ́ lọ, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó fi díẹ̀ kún un.

Ewúrẹ́ ní, “Àwẹ̀ró, àwọn ọmọ tèmi náà ń sunkún. Gbogbo ohun tí mo ní ni mo ń fún ọ.”

Ṣùgbọ́n Ewúrẹ́ sọ ọ́ fún Ẹtu, Ẹtu gbé e wọ inú igbó, ọ̀rọ̀ náà sì dé etí Ẹfọ̀n. Ẹfọ̀n yìí, odò ló gbé ọmọ rẹ̀ lọ. Ọmú rẹ̀ kún, ó ń dùn ún, kò sì sí ẹnu tí yóò mu ún. Nígbà tó gbọ́ pé àwọn ọmọ wà ní Ìdí-Ọ̀pọ̀tọ́ tí abiyamọ kankan ò tíì lá, ó gbéra.

Ìrọ̀lẹ́ ló dé. Ilẹ̀ kọ́kọ́ mì. Ẹyẹ dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni igbó là, Ẹfọ̀n sì yọ, ó ga ju orí ọgbà lọ, ìwo rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ sí ọ̀tún àti òsì. Gbogbo abà sá wọlé. Àwẹ̀ró nìkan ni kò sá, nítorí orí Táyé wà lórí itan rẹ̀. Ó jókòó, ó ń wò. Ẹfọ̀n bẹ̀rẹ̀ orin, ohùn rẹ̀ ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ ikùn:

Lílé: Ọmọ ta ló ń ké lábẹ́ ọ̀pọ̀tọ́?
Ègbè: Jẹ́lẹ́ńkẹ́ wàrà, jẹ́lẹ́ńkẹ́
Lílé: Ọmú mi kún, ọmọ mi ò sí
Ègbè: Jẹ́lẹ́ńkẹ́ wàrà, jẹ́lẹ́ńkẹ́
Lílé: Ọmọ tá ò lá, a ò tíì bí i
Ègbè: Jẹ́lẹ́ńkẹ́ wàrà, jẹ́lẹ́ńkẹ́

Ó kí Àwẹ̀ró kú ewu ọmọ. Ó ní, “Ìyá ìbejì, jẹ́ kí n bá ọ lá wọn. Èwo ni kí n kọ́kọ́ lá?”

Kí Àwẹ̀ró tó la ẹnu, Ọ̀bọ ti fò sọ̀ kalẹ̀ lórí ibojì. Ọmú Ẹfọ̀n ló rí. Ó tóbi, wàrà ń kán láti orí rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fún un. Ojú kòkòrò ò jẹ́ kó ro ohun tí wọ́n ń pè ní lílá.

Ó ní, “Èmi ni. Èmi Ìdòwú ni wọ́n ń kọ́kọ́ ṣe nǹkan fún.”

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ahọ́n ẹfọ̀n, ẹ bá mi sọ fún wọn. Bó bá fi lá igi, èèpo igi á bó. Ẹfọ̀n di ojú méjèèjì, nítorí abiyamọ tó ti pàdánù ọmọ, bó bá rí ọmọ lá, ojú ló máa ń dì. Ó fi pátákò kan tẹ ìrù Ọ̀bọ mọ́lẹ̀, ó sì lá a fàà. Awọ àgbọ̀nrín fò lọ. Baba Ọ̀ṣúnlékè tó ń yọjú láti ẹnu ọ̀nà rí Ọ̀bọ kedere. Àwẹ̀ró náà rí i. Ẹfọ̀n nìkan ni kò rí i. Ó lá ojú rẹ̀, irun ojú bó. Ó yí i padà, ó gbájú mọ́ ìdí, ibẹ̀ ni wọ́n kúkú ń lá jù lára ọmọ tuntun. Irun ìdí bó, awọ ìdí pọ́n.

Ọ̀bọ ní, “Ìyá mi, ó tó.”

Ẹfọ̀n ní, “Kò ì tó, ọmọ mi. Ọmọ tuntun ni ọ́.”

Ó tún un lá. Ọ̀bọ fa ìrù yọ tagbáratagbára, ó gun igi ọ̀pọ̀tọ́ lọ, ó ń fi ọwọ́ kan bo ojú, ó ń fi ọ̀kan bo ìdí, kò mọ èyí tí yóò fi gungi. Irun ibẹ̀ kò hù mọ́ títí dòní. Ìdí nìyẹn tí ojú ọ̀bọ fi pá, tí ìdí rẹ̀ náà fi pá, tí kì í sì í jẹ́ kí ènìyàn sún mọ́ òun.

Ẹfọ̀n la ojú. Kò bèèrè ibi tí ti àkọ́kọ́ gbà lọ. Ó rọ orí ńlá náà sílẹ̀, ó sì fi ahọ́n kan náà lá Táyé, ṣùgbọ́n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni báyìí, bí ẹni ń fi òróró para fún ọmọ. Ó lá etí, ó lá ọrùn, ó lá àyà. Àwẹ̀ró rí i pé awọ Táyé gbọ̀n. Ẹsẹ̀ kan dúró. Ẹsẹ̀ kejì dúró. Táyé dìde lórí itan Àwẹ̀ró, ó rìn lọ sábẹ́ Ẹfọ̀n, ó fi orí kan ọmú gbì, wàrà sì tú jáde, ó ń hó lẹ́nu rẹ̀. Ó mu tán, ó wo ẹ̀yìn. Kẹ́hìndé wá gba tirẹ̀.

Àwẹ̀ró dúró pẹ̀lú kèrègbè lọ́wọ́. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń sunkún, ó sì ń jowú díẹ̀. Ẹ má bínú sí i, ìyá ni. Ẹfọ̀n yí orí sí i, ó lá àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó sì ní, “Ọwọ́ yìí ló gbà wọ́n là. Èmi á máa wá nírọ̀lẹ́. Ìwọ máa fún wọn láàárọ̀.”

Bí wọ́n ṣe tọ́ wọn dàgbà nìyẹn, ìyá igbó àti ìyá ilé. Láti ọjọ́ náà, Baba Ọ̀ṣúnlékè ò sọ̀rọ̀ Ìdòwú mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ dá a sílẹ̀, á ní òun fẹ́ lọ wo iṣu lóko.

Nígbà tó yá, òjò ọdún kejì bẹ̀rẹ̀. Ẹfọ̀n dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nǹkan kékeré kan ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ara rẹ̀ ṣì tutù. Ọmọ rẹ̀ ni. Àwẹ̀ró gbé kèrègbè, ó kọrin pé kí Táyé tọ́ ọ wò. Ọmọ kékeré náà gba àárín àwọn ìbejì kọjá, ó fi orí ti Táyé sápá kan, ó ti Kẹ́hìndé sápá kejì, ó sì gba kèrègbè mọ́ Àwẹ̀ró lọ́wọ́. Baba Ọ̀ṣúnlékè wo Àwẹ̀ró. Àwẹ̀ró wo Baba. Kò sẹ́ni tó sọ ọmọ náà lórúkọ. Àwọn méjèèjì kàn rọra kúnlẹ̀ ni.

Ibi tí àlọ́ mi gbé ẹsẹ̀ dé nìyẹn. Bí irọ́ bá wà nínú rẹ̀, kí ẹfọ̀n lá mi lójú. Bí kò bá sí, kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbè é máa dàgbà títí irun yín yóò fi funfun.