Àtíbàbà tí Òkété Kọ́ fún Ọmọ Ata

"Àlọ́ o!"

"Àlọ̀!"

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó balẹ̀ sórí Òkété onírùngbọ̀n ṣóńṣó.

Ní ìgbà kan rí, oòrùn mú nílùú àwọn ẹranko. Ohun tí wọ́n bá gbìn láàárọ̀, á ti rọ kó tó di ọ̀sán. Ìyá Etu ló ni ọgbà tí gbogbo ìlú ti ń jẹ ata. Ó gbin ọmọ ata sínú ìkòkò fífọ́, ó tò wọ́n sílẹ̀. Oòrùn pa díẹ̀, ẹsẹ̀ aládùúgbò tẹ díẹ̀ pa. Ló bá bẹ ìlú pé kí wọ́n bá òun kọ́ àtíbàbà, kí wọ́n sì kan pẹpẹ sábẹ̀ rẹ̀, kí ọmọ ata lè rí ibòji, kí òun náà lè máa gbìn ín láìbẹ̀rẹ̀.

Òkété ló kọ́kọ́ nawọ́. Òkété tí kò bá ẹnikẹ́ni ṣiṣẹ́ ọgbà rí!

"Ìyá wa, ẹ fi í sílẹ̀ fún mi. N kò gba nǹkan kan."

"Òkété, ṣé kò sí nǹkan mìíràn nínú rẹ̀?"

"Ìfẹ́ ìlú ni, ìyá."

Ìfẹ́ ewé ata ni. Ó wá ọparun kan tó tóbi bí itan àgbò láti fi ṣe òpó, ó lu inú rẹ̀ já láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì rì í sórí ihò tó gbẹ́ wá láti yàrá rẹ̀. Lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, ó dá ihò kékeré tí orí rẹ̀ lè gbà yọ sí i. Bó ti ń ṣiṣẹ́ ló ń kọrin, tí àwọn ará ìlú ń gbè é:

"Òpó mi, dúró o!"

"Gbọin!"

"Má jólè ó wọlé o!"

"Gbọin!"

Iṣẹ́ náà dára. Ìyá Etu ṣàdúrà fún un títí ohùn fi há. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án, tí ooru bá ti mú gbogbo ìlú sùn, Òkété á gba inú òpó gòkè, á jẹ ewé tútù, á padà sílé. Nígbà tí ewé ń dín, òun náà ló kọ́kọ́ figbe ta.

"Olè wà nílùú yìí! Ẹ wo Ìgbín tó ń sùn lábẹ́ àtíbàbà. Kí ló ń jẹ tí ẹnu rẹ̀ fi ń tutù?"

Nígbà náà Ìgbín kò tíì ní ìkarahun. Ó ní, "Ẹ̀yin ará, bí wọ́n ṣe bí mi nìyí." Wọn ò gbọ́. Wọ́n lé e sínú oòrùn. Ìyá Etu wo ibòmíràn. Àánú Ìgbín ṣe Òkété díẹ̀, àmọ́ ata ti tún ń rúwé.

Ìlú ní kí wọ́n fi Òkété jẹ Olùṣọ́ Ọgbà. Lọ́jọ́ oyè, ó ní kí òun tọ́ díẹ̀ wò kí èrò tó dé. Ó gòkè dé ìdajì òpó, ikùn há. Kò lè lọ, kò lè bọ̀. Èrò dé. Ibẹ̀ ló ti ń gbọ́ tí Ẹfọ̀n ń yìn ín: "Ẹni tí kì í jẹ kí ìlú lè jẹ!" Wọ́n pè é títí. Ó pa èémí mọ́nú.

Ìyá Etu ní kí òun bomi rin ọmọ ata kí Òkété tó dé. Omi ṣàn wọnú òpó, ó kó sí Òkété nímú.

"Hàtíṣìn!"

"Pẹ̀lẹ́ o," ni Ìyá Etu wí. Ó wẹ̀yìn, kò rí ẹnì kan. "Ta ni mò ń kí?"

"Òpó ni!" ni Òkété dáhùn.

Ẹfọ̀n fi ìwo la ọparun. Òkété jábọ́, ewé ata lẹ̀ mọ́ irùngbọ̀n rẹ̀.

Ìyá Etu ní, "Òkété, ìfẹ́ ìlú mà mú ọ sanra o."

Òkété kó sínú ihò. Títí dòní, ojú rẹ̀ kì í fẹ́ rí ọ̀sán.

Wọ́n lọ bẹ Ìgbín. Ó gbà, ó padà, ṣùgbọ́n ó gbé ilé pọ̀n.

Ìyá Etu ní, "Ìgbín, ibòji mà wà."

"Mo mọ̀, ìyá. Ẹni tí wọ́n bá ti lé sóòrùn rí kì í fi ilé sílẹ̀ sẹ́yìn."

Ìdí àlọ́ mi rèé, ẹ̀yin ọmọ: ẹni tó bá ń pariwo olè jù, ẹ wo irùngbọ̀n rẹ̀. Ẹ̀yin àgbà, ẹ má rẹ́rìn-ín Òkété nìkan, kì í ṣe òun nìkan ló lé Ìgbín. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí ata ọgbà mi má hù.