Ìkún Kan Ilẹ̀kùn Ìlú

Ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ o.
Ààlọ̀.

Àlọ́ mi yí gbirigbiri, ó di ẹ̀yìn odi ìlú ẹranko, níbi tí ọ̀dá lé Ìkún dé. Wọ́n ti ti ibodè, ebi sì ń pa á, ló bá gbẹ́ ihò gba abẹ́ odi wọlé. Ó tẹ̀dó sẹ́yìn ààrò ìyá Ọ̀bọ, ó ń gbin ẹ̀pà, ó sì bímọ síbẹ̀.

Nígbà tó yá, ìlú pe ìpàdé lé e lórí. Ọ̀bọ ní kó máa lọ, torí kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Etu ní kó jókòó, torí ẹ̀pà rẹ̀ ni gbogbo wọn ń jẹ. Erin ọba ní kí Ìkún jáde ná, kó wá gba ibodè wọlé. Bí oníbodè bá gbà á, ó di ọmọ ìlú.

Ìkún gba ihò rẹ̀ jáde, ó wá ń kan ilẹ̀kùn ibodè. Ẹ bá mi gbè é:

Oníbodè, ẹ ṣílẹ̀kùn o,
Kíńrinjin.
Ọmọ mi ń retí mi o,
Kíńrinjin.

Ìgalà oníbodè ní, "Ta nìyẹn?"

"Èmi Ìkún ni."

"Níbo lò ń lọ?"

"Ilé mi, lẹ́yìn ààrò ìyá Ọ̀bọ."

"Ta ló mọ̀ ọ́ níbẹ̀?"

Kí Ìkún tó dáhùn, ìyá Ọ̀bọ ti sọ̀rọ̀ láti inú odi: "Ìgalà, ṣílẹ̀kùn jàre. Ọmọ rẹ̀ ló ń sunkún lẹ́yìn mi yìí."

Ìgalà rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó ń lọ sílé, ṣé àlejò ni?" Ó ṣílẹ̀kùn.

Ihò yẹn ńkọ́? Ó ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀bọ ló ń gbà á wọlé nígbà tó bá pẹ́ lóko. Bí ẹ bá rò pé irọ́ ni mo pa, ẹ wo iyẹ̀pẹ̀ lórí Ọ̀bọ.