Ìwé Tí Ajẹ́lẹ̀ Kọ Kí Iyán Tó Délẹ̀

Mo fi irin búra, òótọ́ ni ìtàn yìí. Ó dáa, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni òótọ́.

Ọkùnrin kan wà, àgbẹ̀ ni. Àwọn ọmọ ogun òyìnbó pàgọ́ sórí oko iṣu rẹ̀. Ajẹ́lẹ̀, òyìnbó tó ń ṣàkóso ìlú, ní wọn kò ní kúrò níbẹ̀, nítorí ọ̀tá ayérayé ni adúgbò Òkè àti adúgbò Ìsàlẹ̀. Ó ti kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn ìlú tí ó ń kọ.

Àgbẹ̀ bẹ ògbifọ̀ kí ó ka ìwé náà sí òun létí.

"Bàbá, ó ní ọdọọdún lẹ ń na ara yín títí ẹ̀jẹ̀ fi ń jáde. Ó ní bí àwọn bá lọ, ẹ ó para yín tán."

Àgbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ọdún atòrì mà ló ń wí! Àna mi ará Òkè ló dá gbogbo àpá yìí sí mi lẹ́yìn. Ẹ lọ wo ẹ̀yìn tiẹ̀ náà!"

Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyí: ní òwúrọ̀, wọ́n á na ara wọn lẹ́gba. Ní ọ̀sán, ẹni tó nà ọ́ jù ni yóò gúnyán fún ọ. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti mú, ajẹ́lẹ̀ a gun ẹṣin rẹ̀ lọ sílé. Kò rí iyán rí.

Lọ́dún yẹn, àgbẹ̀ fi ẹṣin náà pamọ́. Ajẹ́lẹ̀ wá a títí, kò rí i. Ó jókòó. Ó rí iyán. Ó jẹ ẹ́, ó tún bu òkèlè sí i.

Àgbẹ̀ ní, "Ògbifọ̀, bá mi sọ fún un kí ó kọ èyí náà kún un."

Ajẹ́lẹ̀ nu ẹnu. "Bí mo bá kọ iyán, kí ni mo fẹ́ sọ pé àwọn ọmọ ogun ń ṣe lóko rẹ?"

Àgbẹ̀ kò bá a jà. Ó lọ sílé, ó mú ọmọbìnrin rẹ̀ lọ sílé ìwé. Ó ní, "Kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé. Ọjọ́ tí o bá mọ̀ ọ́n, orí iyán ni kí o ti bẹ̀rẹ̀."

Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi, bí o bá ka ìtàn ìlú rẹ, bèèrè ìgbà tí ẹni tó kọ ọ́ kúrò níbẹ̀, kí o sì bèèrè ẹni tó ni oko tí ó jókòó lé. Lẹ́yìn náà, mú kálàmù, kọ ìyókù.

Ibi tí mo ti purọ́ nìyí: ajẹ́lẹ̀ kò fèsì kankan. Ó kàn pa ìwé rẹ̀ dé. Èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu, bí òun náà ti fi ogun sí wa lọ́wọ́. Ti ẹṣin yẹn ṣá, òótọ́ ni.