Àkùkọ Tó Ń Júbà Kó Tó Kọrin

Àlọ́ o! Ẹ dáhùn kó dún, ẹ̀yin ọmọ. Àlọ̀! Àlọ́ mi já sórí àjà, ó bọ́ lu Àkùkọ, rédíò inú igbó.

Àkùkọ ní, "Bí mi ò bá kọrin, kí lẹ fẹ́ gbọ́?" Ṣùgbọ́n kó tó kọrin, á kọ́kọ́ júbà gbogbo bàbá tó bí i lọ́mọ.

Ehoro bẹ̀ ẹ́ kó gé ìjúbà kúrú, ó kọ̀. Ewúrẹ́ bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Ìgbín ní, "Bàbá, mo lọ odò, mo dé, ẹ ṣì ń júbà."

Àkùkọ ní, "Ẹ máa lọ. Ẹ óò padà wá."

Wọ́n gba ọ̀dọ̀ Odídẹrẹ́ lọ. Ìyẹn kì í júbà. Ibi tó o bá fẹ́ nínú orin ló máa kọ fún ọ.

Lílé: Ibo lẹ fẹ́ nínú orin?
Ègbè: Ibi tó dùn, ibi tó dùn!

Nígbà tó kù ú ku òun nìkan, Àkùkọ yọ́ lọ bá Odídẹrẹ́. "Àbúrò, ṣé ẹ máa ń kọ tèmi níbí?"

"A máa ń kọ ọ́, bàbá. Ègbè rẹ̀ nìkan la mú."

"Ta ló ń lé e?"

"Èmi ni. Ẹ bá wa gbè é."

Àkùkọ wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rọra jókòó ti Ìgbín, ó sì ń gbè.